Láti apá aláìsàn dé ojú máíkírósíkóòpù: bí dókítà ẹ̀jẹ̀ ṣe lè kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn níṣẹ́

Dókítà tó ń tọ́jú àrùn inú ẹ̀jẹ̀ ní ilé ìwòsàn ní ibi méjì tó ti ń ṣiṣẹ́. Ọ̀kan wà ní láàbù, nídìí máíkírósíkóòpù. Èkejì wà ní wọ́ọ̀dù, lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì aláìsàn. Bí wọ́n bá wá fi iṣẹ́ olùkọ́ kún un, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ á máa tẹ̀ lé e láti ibì kan dé ibì kejì, á sì máa ṣe é bíi pé wọ́n ń dí òun lọ́wọ́. Iṣẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an ni ẹ̀kọ́ náà, bí a bá mọ ibi tí a ó ti gbé e. Ọ̀pọ̀ olùkọ́ a máa bẹ̀rẹ̀ láti orí orúkọ àrùn: wọ́n á gbé ẹ̀jẹ̀ ẹni tó ní jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ síwájú ọmọ tí kò tíì rí ẹ̀jẹ̀ ẹni tí ara rẹ̀ le. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti apá aláìsàn, níbi tí abẹ́rẹ́ ti wọlé, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ àṣìṣe tí a ń dì ru ẹ̀rọ ti ṣẹ̀.

Ẹ̀jẹ̀ inú ìgò

Kí akẹ́kọ̀ọ́ tó jókòó láti ka ẹ̀jẹ̀, ó yẹ kó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbà á rí. Orúkọ aláìsàn ni kó kọ́kọ́ béèrè, ọ̀nà tó sì gbà béèrè ló jà jù. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ orúkọ yín ní kíkún fún mi, àti ọjọ́ tí wọ́n bí yín." Ìbéèrè nìyẹn. Èyí tó ní "Ṣé ẹ̀yin ni Màmá Báyìí?" kì í ṣe ìbéèrè rárá, ẹni tí ara ń ni, tí kò gbọ́ràn dáadáa, á kàn dáhùn "hẹn" kí wọ́n lè fi òun sílẹ̀. Kí akẹ́kọ̀ọ́ fi ohun tó gbọ́ wé ohun tó wà lórí ọ̀já ọwọ́ aláìsàn àti lórí ìwé àyẹ̀wò. Lẹ́yìn tí ẹ̀jẹ̀ bá ti wọ ìgò, níbẹ̀ ni kó ti kọ orúkọ sára rẹ̀, kó tó gbé ẹsẹ̀ kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ìgò tí a ti kọ orúkọ sí ṣáájú lè bọ́ sọ́wọ́ ẹni tí yóò fi gba ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíràn. Ìgò tí a kó lọ sórí tábìlì láìní orúkọ lè padà gba orúkọ ẹni ẹlẹ́ni. Bó bá jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ tí a ó fi mọ irú èyí tí a máa fà sí aláìsàn lára ni, àṣìṣe yẹn lè pa ènìyàn.

Okùn rọ́bà tí a fi so apá kò gbọdọ̀ pẹ́ ju ìṣẹ́jú 1 lọ. Bó bá pẹ́, omi á máa jò kúrò nínú iṣan, sẹ́ẹ̀lì á kù síbẹ̀, iye tí ẹ̀rọ máa kà á sì ga ju òótọ́ lọ. Apá tí dírípù wà lára rẹ̀ kò ṣeé gba ẹ̀jẹ̀ rárá. Aláìsàn tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ já wálẹ̀ lójijì láti àná, tí kò dà á níbì kankan, ẹ kọ́kọ́ béèrè apá wo ni wọ́n ti gbà á.

Bí ìgò bá ju ẹyọ kan lọ, ó ní bí wọ́n ṣe ń tò ó (citrate, heparin àti EDTA jẹ́ oògùn inú ìgò tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì): aláwọ̀ búlúù tó ní citrate ló ń ṣáájú, lẹ́yìn rẹ̀ èyí tí ẹ̀jẹ̀ ti máa dì, lẹ́yìn rẹ̀ aláwọ̀ ewé tó ní heparin, lẹ́yìn rẹ̀ ọlọ́mọrí àlùkò tó ní EDTA, kí aláwọ̀ eérú tó gbẹ̀yìn. Ẹ má ní kí wọ́n há a sórí lásán. Ẹ pa á lálọ̀ọ́ fún wọn: potassium inú ẹ̀jẹ̀ aláìsàn kan jẹ́ 9, iye tó lè pa ènìyàn, calcium rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, ṣùgbọ́n ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ó ń rẹ́rìn-ín. Kí ló ṣẹlẹ̀? Ẹ jẹ́ kí wọ́n ronú sí i. EDTA inú ìgò àlùkò máa ń ní potassium nínú, ó sì ń gbá calcium mú; ohun tí ẹ̀jẹ̀ fi ń wà láìdì nìyẹn. Ẹnì kan ló kọ́kọ́ kún ìgò àlùkò, tó wá da díẹ̀ nínú rẹ̀ sí ìgò kejì. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá fúnra rẹ̀ já àlọ́ yìí kò ní ṣi ìgò tò mọ́.

Kí ẹ̀jẹ̀ dé ojú ìlà tó wà lára ìgò. Ti oní-citrate ló le jù, torí ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ 9 sí citrate 1 ni wọ́n ṣe é fún. Bí ẹ̀jẹ̀ bá kéré, citrate á pọ̀ jù, àyẹ̀wò ìdìpọ̀ ẹ̀jẹ̀ á sì gùn láìnídìí. Bí ìgò àlùkò náà bá ṣófo jù, sẹ́ẹ̀lì pupa á sún kì. Kí akẹ́kọ̀ọ́ rọra dorí ìgò kodò kó sì dá a padà, ìgbà 8 sí 10. Kó má ṣe mì ín bí ẹni ń mi ìgò oògùn. Mímì a máa fọ́ sẹ́ẹ̀lì. Kó tó lo ẹ̀jẹ̀ náà, kó fi igi tín-ín-rín tọ́ inú ìgò wò bóyá ó ti dì. Ìdì kékeré bí orí abẹ́rẹ́ ti tó láti gbé platelet (sẹ́ẹ̀lì wẹ́wẹ́ tó ń mú ẹ̀jẹ̀ dì) mì, ẹ̀rọ á sì ní platelet ti tán lára aláìsàn.

Àsìkò náà ń ká ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́ kò. Kí a tẹ́ ẹ sórí gíláàsì kí wákàtí 2 tó pé ló dára jù. Kó má ju wákàtí 4 lọ. Lẹ́yìn ìyẹn, etí sẹ́ẹ̀lì pupa á máa ṣe ṣákiṣàki, kóró inú sẹ́ẹ̀lì funfun á bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ sí wẹ́wẹ́, monocyte (irú sẹ́ẹ̀lì funfun kan) á ní ihò lára. Akẹ́kọ̀ọ́ lè fi gbogbo ọ̀sán kọ ìròyìn nípa àrùn tí ẹ̀jẹ̀ kó nínú ìgò, tí aláìsàn kò ní.

Títẹ́ ẹ̀jẹ̀ sórí gíláàsì

Ọwọ́ ló ń mọ èyí, kì í ṣe orí. Kí wọ́n wọ ìbọ̀wọ́. Kí gíláàsì mọ́ tónítóní, kí wọ́n máa fi ìka di etí rẹ̀ mú, kì í ṣe ojú rẹ̀. Ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ kan tó fẹ̀ tó 2 sí 3 mm ni kí wọ́n kán sí i, ní nǹkan bíi 1 cm sí ìpẹ̀kun kan. Kí wọ́n mú gíláàsì kejì tí etí rẹ̀ ń dán, tí kò fọ́, kí wọ́n gbé e dúró ní ìgun 30° sí 45° níwájú ẹ̀kán náà, kí wọ́n fà á sẹ́yìn títí yóò fi kàn án. Kí wọ́n dúró díẹ̀ wàyí. Ẹ̀jẹ̀ á sáré lọ sọ́tùn-ún àti sósì lábẹ́ etí gíláàsì, bí omi òjò ṣe ń gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé. Kó tó kan etí méjèèjì, kí wọ́n tì í síwájú lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, láìtẹ̀ ẹ́, láìdúró lọ́nà. Ìwúwo gíláàsì náà ti tó. Ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ ń wọ́ sẹ́ẹ̀lì funfun lọ sí ìdí. Èyí tó dáa máa ń gùn tó 3 cm, ó nípọn lórí, ó fẹ́lẹ́ nídìí, ó rí bí ahọ́n, kò sì dé ìpẹ̀kun gíláàsì. Kí wọ́n fẹ́ ẹ síwá sẹ́yìn nínú afẹ́fẹ́ kó gbẹ kíá. Kí wọ́n má fi ẹnu fẹ́ ẹ, torí ọ̀rinrin wà nínú èémí.

Bí ẹ bá wo ohun tí wọ́n tẹ́, ẹ ó mọ ohun tí ọwọ́ wọn ṣe. Bó bá gùn ré ìpẹ̀kun, ẹ̀kán ti pọ̀ jù tàbí gíláàsì dùbúlẹ̀ jù. Bó bá kúrú tó sì nípọn, wọ́n gbé gíláàsì nàró jù tàbí wọ́n tì í bí ẹni tí wọ́n ń lé. Ìlà tó dábùú rẹ̀ ni ọwọ́ tó gbọ̀n. Ìlà tó gùn lọ dé ìdí ni etí gíláàsì tó ti bó, tàbí èyí tí ẹ̀jẹ̀ àtijọ́ gbẹ mọ́. Ihò róbóróbó ni ọ̀rá: ti ìka lọ́pọ̀ ìgbà, ti inú ẹ̀jẹ̀ aláìsàn fúnra rẹ̀ nígbà mìíràn. Bó bá sì rí gẹ́lẹ́ bí iyanrìn kí ẹ tó gbé e sábẹ́ lẹ́ńsì, ẹ má da á nù. Ó lè jẹ́ pé sẹ́ẹ̀lì pupa ń lẹ̀ mọ́ra wọn nínú òtútù, ọ̀rọ̀ tí a ó padà sí.

Ẹ̀jẹ̀ kì í ṣe ọ̀kan náà lọ́wọ́. Ti ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti lọ sílẹ̀ máa ń ṣàn bí omi. Kí wọ́n gbé gíláàsì nàró díẹ̀ sí i, kí wọ́n sì yára. Ti ọmọ tuntun tàbí ẹni tí sẹ́ẹ̀lì pupa rẹ̀ pọ̀ lápọ̀jù máa ń ki. Kí wọ́n dẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, kí wọ́n rọra. Ẹ fún akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan ní gíláàsì 10 láti inú ìgò kan náà, kí ó tẹ́ gbogbo rẹ̀, kí òun fúnra rẹ̀ tò ó láti orí èyí tó burú jù dé èyí tó dáa jù, kó sì sọ ìdí. Wákàtí kan lórí èyí sàn ju ìdánilẹ́kọ̀ọ́ mẹ́ta lọ.

Aró

Aró Leishman wà nínú methanol (irú ọtí kan), nítorí náà òun fúnra rẹ̀ ló ń mú ẹ̀jẹ̀ lẹ̀ mọ́ gíláàsì. Kí wọ́n da aró náà bo ẹ̀jẹ̀ tó ti gbẹ, ìṣẹ́jú 2. Kí wọ́n da omi tí a ti ṣètò pH rẹ̀ (ìwọ̀n bí omi ṣe kan tó) sí 6.8 lé e, ìlọ́po méjì aró náà, kí wọ́n mì ín pẹ̀lẹ́ kó pò, kí wọ́n fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 5 sí 7. Níbi fífọ̀ ni wọ́n ti ń bà á jẹ́. Ẹni tó bá kọ́kọ́ da aró nù kó tó bu omi sí i á jẹ́ kí èérún tó léfòó lókè jókòó sórí ẹ̀jẹ̀. Omi ni kó fi lé aró kúrò lórí gíláàsì. Kó wá nu ẹ̀yìn rẹ̀, kó gbé e dúró kó gbẹ.

Bó bá dáa, sẹ́ẹ̀lì pupa á pọ́n rẹ́súrẹ́sú, kóró sẹ́ẹ̀lì funfun á ṣe bí àlùkò, èérún inú eosinophil (irú sẹ́ẹ̀lì funfun mìíràn) á dà bí awọ ọsàn. Bí gbogbo rẹ̀ bá búlúù, omi náà ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí: pH rẹ̀ ti ga jù, tàbí ẹ̀jẹ̀ nípọn, tàbí wọn kò fọ̀ ọ́ tó. Bó bá pọ́n fòò tí kóró kò hàn, pH ti lọ sílẹ̀ tàbí wọ́n ti fọ̀ ọ́ jù. Àmì dúdú wẹ́wẹ́ lórí sẹ́ẹ̀lì àti láàárín sẹ́ẹ̀lì ni aró tí a kò sẹ́. Tí omi bá bọ́ sínú methanol, àfàìmọ̀ kí sẹ́ẹ̀lì pupa má ní ihò tó ń kọ mọ̀nà, tí akẹ́kọ̀ọ́ á sì pè ní kòkòrò ibà. Ẹ kọ́ wọn láti yí skúrúù lẹ́ńsì síwá sẹ́yìn díẹ̀: ohun tó bá ń dán tí ó sì ń ṣókùnkùn bí a ṣe ń yí i, omi tàbí ìdọ̀tí ni, kì í ṣe kòkòrò.

Bó bá jẹ́ ibà gan-an la ń wá, aró Giemsa pẹ̀lú omi pH 7.2 ló ń fi kòkòrò hàn dáadáa. Ẹ̀jẹ̀ tí a tẹ́ nípọn fún èyí kò gbọdọ̀ kan methanol, torí a fẹ́ kí sẹ́ẹ̀lì pupa bẹ́ sínú omi kí kòkòrò lè jáde síta.

Kíkà

Akẹ́kọ̀ọ́ máa ń fẹ́ fò lọ sórí lẹ́ńsì ×100 lójú ẹsẹ̀. Ẹ dá ọwọ́ wọn dúró. ×10 ni kí wọ́n fi wo gbogbo gíláàsì náà, pàápàá ìdí àti etí rẹ̀, torí àwọn sẹ́ẹ̀lì ńlá máa ń wọ́ lọ síbẹ̀: monocyte, blast (sẹ́ẹ̀lì funfun tí kò tíì gbó rárá), platelet tó ti ṣù jọ. Ẹni tí kò wo ìdí lè sọ pé kò sí blast nínú ẹ̀jẹ̀ tí ó kún fún un. Lẹ́yìn náà kí wọ́n wá ibi tí sẹ́ẹ̀lì pupa ti sún mọ́ra, tí díẹ̀ nínú wọn fara kan ara, tí wọn kò gun ara. Bí wọ́n bá sún sí orí níbi tó nípọn, gbogbo sẹ́ẹ̀lì á dà bí owó ẹyọ tí a tò léra. Bí wọ́n bá sún sí ìdí, ojú funfun àárín sẹ́ẹ̀lì á pòórá, gbogbo rẹ̀ á dà bí bọ́ọ̀lù. Àrùn méjì tí kò sí nìyẹn, ibi tí wọ́n ti ń wò ló bí i.

Kí wọ́n máa tẹ̀ lé ọ̀nà kan náà lójoojúmọ́: sẹ́ẹ̀lì pupa, sẹ́ẹ̀lì funfun, platelet. Fún sẹ́ẹ̀lì pupa, kóró lymphocyte kékeré (ọ̀kan nínú àwọn sẹ́ẹ̀lì funfun) ni òṣùwọ̀n. Sẹ́ẹ̀lì pupa tó pé kò tóbi jù ú, kò kéré sí i, 7 sí 8 µm ni. Ojú funfun tó wà láàárín rẹ̀ kò yẹ kó ju ìdá kan nínú mẹ́ta lọ. Ìrísí ló kàn, lẹ́yìn náà ohun tó wà nínú, lẹ́yìn náà bí wọ́n ṣe tò. Fún sẹ́ẹ̀lì funfun, kí wọ́n ka 100, kí wọ́n máa rìn bí ẹni tó ń tọ poro oko: sókè díẹ̀, yà, sísàlẹ̀ díẹ̀, yà. Kí wọ́n má kàn máa ṣà èyí tó wù wọ́n. Kí wọ́n sì mọ̀ pé 100 kéré. Ẹni tó rí eosinophil 5 nínú 100, iye tòótọ́ lè jẹ́ 2, ó sì lè tó 11. Kò tíì yẹ ní ohun tí a ń pariwo lé lórí. Bí ọ̀rọ̀ náà bá ṣe pàtàkì, kí wọ́n ka 200 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Neutrophil (sẹ́ẹ̀lì funfun tí kóró rẹ̀ máa ń pín) tí kóró rẹ̀ pín sí 5 kò yẹ kó tó 5 nínú 100 neutrophil. Bí ẹyọ kan bá pín sí 6, kí wọ́n ronú kan àìtó fítámìn B12 àti folate.

Platelet ṣeé fojú wọ̀n lábẹ́ ×100. Kí wọ́n ka ibi 10, kí wọ́n pín in dọ́gba, kí wọ́n fi 15,000 sí 20,000 sọ ọ́ di púpọ̀. Iye tó wà nínú microlitre kan nìyẹn. Platelet tó bá jókòó sórí sẹ́ẹ̀lì pupa máa ń ní òrùka funfun yí i ká. Òun ni wọ́n máa ń pè ní ibà jù lọ.

Wàyí o, òfin tó tọ́ kí a rọ̀ mọ́: kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ pe orúkọ àrùn kó tó sọ ohun tí ojú rẹ̀ rí. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá ní "sickle cell ni", ẹ dá a padà: "Kí lo rí?" Kó ní: "Sẹ́ẹ̀lì pupa gígùn, orí méjèèjì mú ṣóńṣó, ó tẹ̀ bí dòjé, mo rí 6 níbi kan, àwọn mìíràn ní àmì láàárín bí ojú ìbọn, èérún kan ṣoṣo wà nínú àwọn díẹ̀." Ìgbà yẹn ni ìdáhùn ní ìtumọ̀, torí èérún ẹyọ kan yẹn ń sọ pé spleen (ẹ̀yà ara abẹ́ ìhà òsì tó ń sẹ́ ẹ̀jẹ̀) kò ṣiṣẹ́ mọ́, orúkọ àrùn nìkan ì bá má sọ bẹ́ẹ̀ fún wa. James Herrick ti Chicago ló kọ́kọ́ tẹ ìròyìn irú ẹ̀jẹ̀ yìí jáde, lọ́dún 1910. Ìrísí tó rí ló kọ, bó ṣe gùn àti bó ṣe tẹ̀, kò sì fún àrùn náà lórúkọ. Ọdún 1922 ni Verne Mason pè é ní sickle cell anaemia. Fòníkú-fọ̀ladìde tí Yorùbá ń pè é pàápàá, ìròyìn ohun tí a fojú rí ni.

Nígbà tí ẹ̀rọ àti ojú kò bá fẹnu kò

Ẹ̀rọ tí ń ka ẹ̀jẹ̀ kì í purọ́, ṣùgbọ́n kò mọ ohun tó ń kà. Ẹ jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ mú ìwé ẹ̀rọ dání bó ṣe ń wo gíláàsì. Ohun mẹ́ta ló yẹ kó lè já.

Platelet 18,000, aláìsàn kò sì ṣẹ̀jẹ̀, kò ní àpá kankan lára. Kí ó wo ìdí gíláàsì: bóyá platelet ti ṣù jọ níbẹ̀ bí ìdì òwú. EDTA ló fà á nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn ènìyàn kan. Kí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ míràn sínú citrate, kí wọ́n fi 1.1 sọ iye tó bá jáde di púpọ̀, nítorí omi citrate tó ti pò mọ́ ọn. Ẹ̀mí aláìsàn kò sí nínú ewu, ṣùgbọ́n bí kò bá sẹ́ni tó wo gíláàsì, wọ́n lè fa platelet sí i lára lásán tàbí kí wọ́n fagi lé iṣẹ́ abẹ rẹ̀.

MCHC (bí haemoglobin, ohun pupa inú sẹ́ẹ̀lì, ṣe kì tó) tó ré kọjá 36, tí MCV (bí sẹ́ẹ̀lì pupa ṣe tóbi tó) ga, tí iye sẹ́ẹ̀lì pupa kéré ju bí haemoglobin ṣe rí lọ: sẹ́ẹ̀lì ń lẹ̀ mọ́ra nínú òtútù, ẹ̀rọ ń ka ìdì kan bíi sẹ́ẹ̀lì kan. Ìdí tí gíláàsì fi rí bí iyanrìn nìyẹn. Kí wọ́n gbé ìgò sínú omi 37°C, kí wọ́n tún un kà ní gbígbóná.

Ẹ̀kẹta ni sẹ́ẹ̀lì pupa tó ṣì ní kóró, tí ẹ̀rọ mìíràn máa ń kà mọ́ funfun. Bí ẹ̀rọ bá ní sẹ́ẹ̀lì funfun jẹ́ 24, tí ojú sì rí 60 irú wọn bí a ṣe ń ka funfun 100, ẹ sọ 24 di púpọ̀ ní 100, ẹ fi 160 pín in: 15 ni iye tòótọ́.

Àwọn gíláàsì kan kò ní sùúrù. Sẹ́ẹ̀lì pupa tó já bí àpólà, bí àṣíborí jagunjagun, tó tó 1 nínú 100 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí platelet sì ti já wálẹ̀: ó lè jẹ́ TTP (àrùn tí ìdì wẹ́wẹ́ fi ń dí iṣan ẹ̀jẹ̀ tín-ín-rín), ìpààrọ̀ plasma, ìyẹn omi inú ẹ̀jẹ̀, ni ìwòsàn rẹ̀, wákàtí la sì fi ń ṣírò rẹ̀. Promyelocyte (sẹ́ẹ̀lì funfun tí kò tíì gbó) tó kún fún èérún, tí ọ̀pá tín-ín-rín sì wà nínú rẹ̀ bí ìdì igi ìdáná: irú jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ kan ni, ẹ̀jẹ̀ lè máa ya lára aláìsàn náà kó tó di alẹ́, oògùn ATRA gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ kí èsì àyẹ̀wò jíìnì tó dé. Kí akẹ́kọ̀ọ́ rí yín bí ẹ ṣe ń gbé fóònù, kó gbọ́ ohun tí ẹ sọ, kó sì rí i tí ẹ kọ orúkọ ẹni tó gbé e àti aago tó gbé e. Ẹni tí kò rí i rí á kọ ọ́ sínú ìwé, á sì lọ sílé.

Bí ẹ ó ṣe jókòó tì wọ́n

Máíkírósíkóòpù olójú púpọ̀ dára, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí wọ́n ju 4 sí 5 lọ nídìí rẹ̀. Ẹ fi ẹ̀jẹ̀ ẹni tí ara rẹ̀ le bẹ̀rẹ̀, ó kéré tán gíláàsì 5, kí wọ́n tó rí àìsàn kankan. Ẹ gbé gíláàsì kalẹ̀, kí ẹ sì panu mọ́ fún ìṣẹ́jú 2. Ìdákẹ́jẹ́ yẹn a máa ni olùkọ́ lára ju akẹ́kọ̀ọ́ lọ, ṣùgbọ́n ẹ mú un mọ́ra. Ẹni tí kì í sọ̀rọ̀ ni kó kọ́kọ́ sọ ohun tó rí. Bí ẹni tó mọ̀ ọ́n jù bá ti ṣáájú, gbogbo ìyókù á rí ohun tó rí. Bí ìdáhùn kò bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ má tíì ní "rárá". Ẹ ní kó fi ọfà inú lẹ́ńsì na sẹ́ẹ̀lì tó ń sọ. Lọ́pọ̀ ìgbà, ojú rẹ̀ ríran dáadáa, sẹ́ẹ̀lì ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ló ń wò.

Ẹ kó gíláàsì ìkọ́ni tiyín jọ díẹ̀díẹ̀. Ẹ yọ orúkọ aláìsàn kúrò lára rẹ̀, ẹ fún un ní nọ́ńbà, ẹ fi gíláàsì fẹ́lẹ́ bò ó, ẹ tọ́jú rẹ̀ sínú àpótí tí ìmọ́lẹ̀ kò wọ̀, torí ìmọ́lẹ̀ a máa ṣí aró. Ẹ ya ẹ̀dà 3 nínú èyí tó ṣọ̀wọ́n. Akẹ́kọ̀ọ́ kan á fi ×100 fọ́ ọ̀kan lọ́jọ́ kan.

Lẹ́yìn gíláàsì, ẹ kó wọn lọ bá ẹni tó ni ẹ̀jẹ̀ náà, bó bá gbà. Ìbéèrè wọn á ti dáa sí i nísinsìnyí. Bí wọ́n bá fẹ́ wá spleen, kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ ikùn lọ́tùn-ún, kí wọ́n máa gòkè lọ sábẹ́ ìhà òsì. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ nítòsí ìhà lè gbé ọwọ́ lé èyí tó tóbi jù, kó má mọ̀ pé òun ti wà lórí rẹ̀.

Bí wọ́n bá fẹ́ fa ẹ̀jẹ̀ sí ẹnì kan lára lọ́jọ́ náà, ẹ má jẹ́ kó kọjá wọn. Kí wọ́n béèrè orúkọ lẹ́ẹ̀kan sí i bí wọ́n ṣe béèrè rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀, kí wọ́n fi wé àpò ẹ̀jẹ̀, irú ẹ̀jẹ̀, nọ́ńbà àti ọjọ́ tó máa bàjẹ́. Àpò sẹ́ẹ̀lì pupa gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú 30 tó kúrò nínú fíríìjì, kó sì parí kí wákàtí 4 tó pé. Rọ́bà tó ní asẹ́ 170 sí 200 µm ni wọ́n ń lò. Omi iyọ̀ 0.9% nìkan ló lè bá a gba ojú kan náà. Omi ṣúgà a máa fọ́ sẹ́ẹ̀lì, calcium inú omi dírípù Ringer's lactate sì lè mú un dì. Kí akẹ́kọ̀ọ́ wọn ìgbóná ara, ìlùkìkì ọkàn àti ìfúnpá kó tó bẹ̀rẹ̀, kó tún un wọ̀n ní ìṣẹ́jú 15. Kó jókòó síbẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15 yẹn, kó má lọ jẹun. Bí aláìsàn bá ní ẹ̀yìn ń dun òun, tí òtútù mú un, tí ara rẹ̀ gbóná lójijì, kó ti ẹ̀jẹ̀ náà pa, kó pààrọ̀ rọ́bà, kó fi omi iyọ̀ ṣí ojú iṣan sílẹ̀ kó má dì, kó tún orúkọ yẹ̀ wò, kó pe dókítà àgbà, kí àpò náà sì padà sí láàbù pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ tuntun láti apá kejì. Kó má da àpò náà nù.

Mùdùnmúdùn inú egungun kò yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ gbà, ṣùgbọ́n ó lè dúró kó máa tẹ́ ẹ sórí gíláàsì bí ẹ ṣe ń fà á láti ẹ̀yìn egungun ìbàdí. 0.25 sí 0.5 ml àkọ́kọ́ ni fún gíláàsì. Èyí tó bá lé lórí rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ lásán ló ń fi kún un. Ẹ fà á níkíá, ẹ fi í lé e lọ́wọ́, kó sáré, torí láàárín ìṣẹ́jú kan ó ti lè dì. Kó máa wá èérún funfun tó ń dán bí ọ̀rá; bí kò bá rí i, ẹ má tíì kó irinṣẹ́ kúrò.

Fún ìdánwò, ẹ fún wọn ní gíláàsì 3 àti ìwé ẹ̀rọ 3, ìṣẹ́jú 10 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kí ọ̀kan nínú wọn jẹ́ ti ẹni tí ara rẹ̀ le. Máàkì tó pọ̀ jù jẹ́ ti ohun tí wọ́n rí, díẹ̀ jẹ́ ti orúkọ àrùn, díẹ̀ jẹ́ ti ohun tí wọ́n máa ṣe báyìí. Ẹni tó bá kọ "kò sí àìsàn níbí" sórí èyí tó yẹ, ẹ fún un ní gbogbo máàkì.

Kí wọ́n tó dìde, kí ẹni tó gbẹ̀yìn fi bébà lẹ́ńsì nu òróró kúrò lórí ×100, kó wo ×40 náà bóyá ẹnì kan ti yí i gba inú òróró kọjá. Bí wọ́n bá ní gíláàsì ti bà jẹ́, tí ×40 ń ṣe bàìbàì tí ×10 sì mọ́ gaara, ibẹ̀ ni kí wọ́n kọ́kọ́ wò.